Àmì Kan Ṣoṣo Lórí Ọkọ̀

Nílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alámì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ka ohun tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀, kí ó sì fi bírò pupa dá gbogbo àmì ohùn tí ó bá sọnù padà sí ààyè rẹ̀. Tábìlì rẹ̀ wà ní igun yàrá, lábẹ́ fèrèsé tí ó kọjú sí ibi tí wọ́n ń já bébà sí. Ọdún kejìlélógún rẹ̀ nìyí lórí àga yẹn. Bí ẹ bá gbé ìwé ìpè ìgbéyàwó wá, tí ẹ sì fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, ẹ fún Alámì ní ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò bá yín wá méje jáde. Nílé pàápàá kì í sinmi. Ìyàwó rẹ̀ a kọ ohun tí yóò rà bọ̀ sínú bébà, òun a fi àmì sí i kí ó tó jáde.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ìyàwó rẹ̀ a ní, "ṣé àlùbọ́sà yẹn ò ní ta wá lójú mọ́ tí o ò bá fi àmì sí i ni?"

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín jù, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́, tí kò tíì ní orúkọ yìí, ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ wá tẹ kàlẹ́ńdà. Oṣù kọ̀ọ̀kan ni ó ní àwòrán ọkọ̀ tirẹ̀. Ti oṣù kẹjọ jẹ́ ọkọ̀ pupa kékeré kan láti Ítálì. Kò ní òrùlé, ìjókòó méjì péré ni ó ní, imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta bí ojú ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìyanu fún. Ọmọ iṣẹ́ yìí ni wọ́n ní kí ó to ọ̀rọ̀ sí abẹ́ àwòrán náà: "Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì láti Ítálì." Ó to gbogbo rẹ̀, ó gbàgbé àmì kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kàlẹ́ńdà ti jáde kí akọ̀wé ọ̀gá tó gbé ọ̀kan, tí ó kà á sókè, tí ó sì fi igbe ta: "Ọkọ ẹlẹ́ni méjì! Ta wá ni ìyálé nínú àwọn méjèèjì?" Àwọn obìnrin tó ń di ìwé fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń bẹ ọ̀gá pé kí ó bá àwọn náà béèrè ọkọ ní Ítálì.

Oníkàlẹ́ńdà kọ ọjà rẹ̀. Ọ̀gá kò lé ọmọ iṣẹ́ náà, ó fi í jókòó sí tábìlì igun, ó ní, "Láti òní lọ, ìwọ ni wàá máa ka ohun gbogbo tá a bá fẹ́ tẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá." Bí ó ṣe di Alámì nìyẹn. Ó mú ojú ewé oṣù kẹjọ lọ sílé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ìfẹ́ ọkọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ó wádìí rẹ̀ títí. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kò ṣe púpọ̀, wọ́n sì ti kógbá sílé láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ó gbé ìyàwó, tí ìyàwó rí àwòrán náà, ó ní kò sí wàhálà, òun ti mọ orogún òun.

Ní ọdún tó kọjá, ìyá àgbàlagbà kan wá sí ilé ìtẹ̀wé pẹ̀lú bébà kékeré lọ́wọ́. Agbẹ̀bí ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, Ìyá Agbẹ̀bí sì ni wọ́n ṣì ń pè é. Ó fẹ́ kí wọ́n tẹ ìkéde tí òun yóò lẹ̀ káàkiri àdúgbò. Bébà náà gúnlẹ̀ sórí tábìlì Alámì, ó sì kà á báyìí:

"Oko fun tita. Omo Itali ni. Eni meji lo n gba. Ara re le."

Alámì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ fún títà, ọmọ Ítálì, ara rẹ̀ sì le! Ó nu ojú, ó mú bírò pupa, ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí ibi tí ó yẹ. Nígbà náà ni ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà wá yé e, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí bébà.

Ó yẹ kí ó fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń to ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tì í sí abẹ́ òkìtì ìwé tí ó ga jù lórí tábìlì rẹ̀, ó da àdírẹ́sì àti nọ́ńbà rẹ̀ kọ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ní kí akọ̀wé sọ fún ìyá náà pé iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: àbòsí ni. Ẹni tí kì í jẹ́ kí àmì kékeré sọnù fi ìwé odindi pamọ́, kí ẹlòmíràn má baà rí ọkọ̀ náà ṣáájú òun.

Òpópónà méjì ni ó wà láàárín ilé ìtẹ̀wé àti ilé Ìyá Agbẹ̀bí, lókè, níbi tí ojú ọ̀nà ti gun. Alámì pe nọ́ńbà náà, ó ní òun rí ìkéde nílé ìtẹ̀wé tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dá aago mẹ́wàá fún un lọ́jọ́ Sátidé, kò dé títí mọ́kànlá fi kọjá, nítorí ó ń wá ẹ̀wù tí kò ní jẹ́ kí ó jọ olówó. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ọkọ ìyá ni ó ṣílẹ̀kùn. Bàbá yìí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ya àwòrán afárá fún àwọn tó ń kọ́ ọ, ẹni tó bá sì ń ya afárá kì í fi ìwọ̀n ṣeré, ìbáà jẹ́ ti àkókò.

"O pẹ́," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ.

"Ẹ má bínú, sà."

"Ọkàn mi ti ń sọ pé o ò ní wá mọ́. Wọlé."

Ìyá Agbẹ̀bí ni ó ni ọkọ̀. Òun ni ó rà á, pẹ̀lú owó iṣẹ́ ara rẹ̀, lọ́wọ́ dókítà kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ó fi gbẹ̀bí ká gbogbo àdúgbò yìí: òun nídìí ìdarí, ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ lórí itan, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè àti fìlà. "Ọkọ mi ló ń gbé àpò mi, ọkọ̀ mi ló ń gbé àwa méjèèjì," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti sọ ọ́ tó ìgbà ẹgbẹ̀rún, tí kò sì tíì sú u. Ní báyìí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Kò fẹ́ kí ọkọ̀ náà jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Wọ́n ká tapólì kúrò. Kì í ṣe pupa bíi ti kàlẹ́ńdà, àwọ̀ ewé tó ti ṣá ni, eku ti jẹ etí ìjókòó kan, igi ìdarí sì ti sán. Ṣùgbọ́n òun náà ni. Imú gígùn, ìdí kúkúrú, ojú ìyanu. Bàbá yọ áńkáṣíìfù, ó ń nu iná iwájú rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó fẹ́ lọ sí iléèwé. Ó wu Alámì kí ó jókòó sínú rẹ̀ kí ó sọkún.

Kí ló wá ṣe? Ó fa ojú ro. Ó ní táyà ti gbó. Ó ní ta ló máa bá a rí ẹ̀yà ara rẹ̀. Ó ní irú ọkọ̀ aláìlórùlé báyìí, òjò kan péré ló máa fìyà jẹ ẹni tó rà á. Ìyá dá iye kan, Alámì mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún, ó sì dá ìdajì rẹ̀.

Bàbá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ, bí ẹní ń ka ìwé lo ṣe ń ra ọkọ̀. Àṣìṣe nìkan lò ń rí."

Ìyá ní àwọn yóò rò ó. Alámì lọ sílé, ó sì pinnu láti dákẹ́. Gbogbo ẹni tó bá mọ ọjà rà mọ̀ pé ẹni tó bá ń sáré ni ọjà ń wọ́n fún. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀: "Oko mi si wa nile o. Se e si n bo?" Kò dáhùn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí i: "Ko seni to wa wo oko mi. Mi o mo idi." Alámì mọ ìdí, ìdí rẹ̀ wà lábẹ́ òkìtì ìwé. Èyí náà kò dáhùn. "Sùúrù ni baba ìwà," ni ó wí fún ìyàwó rẹ̀, bí ẹni pé sùúrù ni wọ́n ń pè é.

Ní ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Orúkọ tí ó fi pa nọ́ńbà náà mọ́ yọ síta: Ìyá Ọlọ́kọ̀. Alámì wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jẹ́ kí ó dún tán. Ó tún dún. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta.

"Alámì, fóònù yín ń ké," akọ̀wé ọ̀gá pè é láti òdìkejì.

"Ẹ jẹ́ ó ké. Ọjà ló ń pè mí."

Ó dojú fóònù délẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ fóònù gbọ̀n lórí igi tábìlì, Alámì sì gbé e. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni:

"E jowo e tete wa gbe oko mi. E ma je ko di ola."

Kò sí ẹni tí ó mọ̀wé kà lójú kòró tó ọkùnrin yìí ní gbogbo ilé ìtẹ̀wé náà. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ni ó fi kà á, ọkọ̀ ni ó sì wà nínú ọkàn rẹ̀. Ó mú bírò pupa inú orí rẹ̀, ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí orí ọ tó kẹ́yìn nínú "oko", ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyá ti gbà! Ọjà ti kú lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ kí ó kúrò nílé kíákíá. Ẹni tó bá sì ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n wá gbé ọjà, ìdajì náà lè tún wálẹ̀ sí i. Alámì tẹ èsì, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́:

"E fara bale ma. Oko yin o ni sa lo. Ma wa lojo Satide."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó dá ọwọ́ aṣọ tó ń ká dúró. "Kí ló dé tó fi ń kánjú bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kí ló máa wà? Ó ti sú wọn ni."

Ìyàwó wò ó. Títí di òní, Alámì máa ń rántí ojú tí ó fi wo òun.

Nígbà tí ó di Sátidé, ó gba ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ tó bá bàjẹ́, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ rẹ̀, okùn nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, owó nínú àpò ìwé. Ìyá Agbẹ̀bí wà lẹ́nu géètì, ó ń sá aṣọ ibùsùn. Ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n Alámì kò wo ojú, ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni ó ń wò. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ wà ní títì.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ti dé o, mo wá gbé e."

"Ẹ ṣé o," ìyá wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Wọ́n ti gbé e lọ."

"Wọ́n ti gbé e lọ? Ta ló gbé e?"

"Aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ iná. Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, láago mẹ́fà."

"Ṣé èmi àti ẹ̀yin ò ti jọ sọ ọ́ ni mà? Èló ló san?"

Ìyá Agbẹ̀bí gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wò ó. Ó wo ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó wo okùn.

"Èló ló san fún kí ni? Ọkọ mi ni mò ń sọ. Rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú lọ́jọ́bọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ èdè yìí mọ̀ pé ẹnu kì í ṣi àmì fi. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ìyá gbọọrọ, àárín àti àárín, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀, Alámì sì gbọ́ ọ. Ó di irin géètì mú. Gbogbo lẹ́tà inú àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ náà tún ara wọn kà níwájú rẹ̀: ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè wá gbé ọkọ mi. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èsì tirẹ̀ wá tò lé e, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀: ọkọ yín ò ní sá lọ.

Ìyá náà sì ti rí i. Ó yé e kí Alámì tó la ẹnu. "Háà," ni ó wí, jẹ́ẹ́. "Ọkọ̀. Ọkọ̀ lẹ kà."

Ó ṣàlàyé fún un, òun tí ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé fún. Wọ́n ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ ni apá ọ̀tún bàbá rọ, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òun pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní ọkọ̀ wọn ti jáde. Àwọn ará ilé tó yí wọn ká ti lọ síbi iṣẹ́. Nọ́ńbà Alámì ni ó wà lókè pátápátá lórí fóònù, ó sì mọ̀ pé ó ní ọkọ̀ tirẹ̀, pé òpópónà méjì ni. Wákàtí mẹ́rin ni bàbá fi sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí tìmùtìmù kí oníṣẹ́ iná tó dé. Dókítà ní bí wọ́n bá gbé e dé láàárín wákàtí kan ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

"Mo rí èsì yín," ó ní. "Mo rò pé ẹ̀ ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn ò yé mi. Ẹ má da ara yín láàmú. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti gbẹ̀bí ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún, ọwọ́ mi ò gbọ̀n rí. Ọjọ́ yẹn ló gbọ̀n, tí mi ò rántí kọ 'bàbá' síbẹ̀. Bí ariwo ẹ̀rọ yín ò bá pọ̀ tó yẹn ni, ẹ̀ bá gbọ́ nígbà tí mo pè."

Ibí yìí gan-an ni Alámì ti lè sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ là. Ohun tí ó jáde ni, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ̀rọ ń pariwo." Ìtìjú kò sì pa á lójú ẹsẹ̀, ó fi í sílẹ̀ kí ó máa gbé e kiri.

Ó san gbogbo iye tí ìyá kọ́kọ́ dá. Ìyá dúpẹ́ títí, ó ń ṣàdúrà fún un, ó ní ènìyàn rere ni. Àdúrà náà ń ta á lára. Ó gbé ọkọ̀ náà lọ fún mẹkáníìkì, ohun tí ó ti ń lá láti ìgbà èwe rẹ̀ sì ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lè wò ó pẹ́. Nílé ìtẹ̀wé, gbogbo ibi tí ó bá ti rí "ọkọ", bírò rẹ̀ a dúró. Ó yọ ìkéde náà jáde lábẹ́ òkìtì ìwé, kò mọ ibi tí yóò sọ ọ́ sí, ó sì tún dá a padà. Nílé, ó yọ oṣù kẹjọ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ni orogún òun ṣe. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, òun ni òun ṣe é. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti fóònù mọ́ ọn.

"Èmi kọ́ lo máa sọ ọ́ fún," ni ìyàwó wí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá padà sílé lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́, ahọ́n àti ètè kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ohùn nìkan ni ó kù, ó sì ń fi imú kọ ọ́: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀. Alámì lọ kí wọn, nítorí kò lè máà lọ. Ó bá ìyá níbi tí ó ti ń sunkún ní ilé ìdáná, pẹ̀lú ọsàn bíbó mẹ́ta nínú àwo.

"Láti àárọ̀ ló ti ń kọ ohùn méjì yẹn," ó ní. "Mo fún un lọ́sàn, ó kọ̀. Mo rò pé ilẹ̀ ló ń wí, mo gbálẹ̀, inú tún ń bí i. Mi ò mọ ohun tó fẹ́."

Alámì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́. Bàbá tún un kọ: re, dò. Lóòótọ́, ohùn ọsàn ni, ohùn ilẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n ojú bàbá ń lọ sí fèrèsé, sí ilé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, tí ó ti ṣófo.

"Ọkọ̀, sà?"

Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá pa àtẹ́wọ́. Ó ní Ọlọ́run ló rán Alámì sí wọn. Alámì sì ronú pé ẹni tí wọ́n fi ohùn tí kò ní lẹ́tà ránṣẹ́ sí ni òun, tí òun sì mọ̀ ọ́n kà. Lẹ́tà tí kò ní ohùn ni òun kò rí kà. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó ní bí ọkọ̀ náà bá ti jáde lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, òun ni yóò máa wá gbé bàbá lọ fún ìdárayá apá àti ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, ó dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wákàtí kan ṣáájú ìgbà tí wọ́n ní kí ó wá. Òun àti ìyá gbé bàbá sí ìjókòó, wọ́n fi bẹ́líìtì dè é, wọ́n fi fìlà dé e. Ìjókòó méjì ni. Kò sí àyè fún ìyá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń fi aṣọ bo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Bàbá ń fi ọwọ́ òsì pa igi ìdarí lára, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ọlọ́run á san yín lẹ́san," ìyá wí. "Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn: bí ọkùnrin yẹn bá gbọ́ fóònù lọ́jọ́ náà, ì bá ti sáré dé."

Ó ti sọ ọ́ nígbà mélòó! Lọ́tẹ̀ yìí, Alámì pa ẹ́ńjìnnì.

"Mo gbọ́ ọ, mà."

"Kí lẹ gbọ́?"

"Fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ pè. Mo ń wò ó. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa bẹ̀ mí kí ọkọ̀ lè wálẹ̀ lówó, ni mo ṣe jẹ́ kó dún. Ìkéde yín náà, èmi ni mo fi pamọ́, òun ni ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Èmi ni."

Ọkọ̀ náà kò ní òrùlé. Gbogbo ohun tí ó sọ ni bàbá gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ìdarí, ó padà sórí itan rẹ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí ká aṣọ náà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tán. Ẹni tó máa ń fi "ẹ" bá àgbà àti èwe sọ̀rọ̀ ni, ó ní ọ̀wọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu òun. Alámì kò gbọ́ kí ó pe ẹnikẹ́ni ní "ìwọ" rí, àfi ọjọ́ yìí.

"Gbé ọkọ mi lọ," ni ó wí, kò wò ó. "Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń retí ẹ̀. Má tún jẹ́ kó pẹ́."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ òkè náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ ń ké dídùn, àwọn ènìyàn ń dúró lójú ọ̀nà wò ó, ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún mọ́kànlélógún tí Alámì kò fi ojú inú rí àárọ̀ yìí, ojú rẹ̀ sì ń ṣe omi débi pé díẹ̀ ni ó ń rí lójú ọ̀nà. Bàbá kò fi ohùn kankan kọ. Ó jókòó tààrà, ó kọjú síwájú, atẹ́gùn ń gbé etí fìlà rẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, Alámì pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá yí orí díẹ̀díẹ̀, ó wò ó lójú, ó sì fi imú kọ ohùn méjì: re, mí.

"Ilé, sà? Ṣé ká padà sílé ni?"

Bàbá mi orí pé rárá. Ó tún un kọ, ó rọra ń fà á bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìwé: re, mí.

Ohùn "o ṣé" nìyẹn. Ohùn "o pẹ́" náà sì nìyẹn. Alámì kọ méjèèjì sí ojú ara wọn nínú ọkàn rẹ̀, ó wá ibi tí àmì wọn ti yàtọ̀, kò rí i. Lẹ́tà nìkan ni ó yà wọ́n, bàbá kò sì ní lẹ́tà mọ́. Ó rọrùn láti bi í. Bí ó bá pe méjèèjì, bàbá yóò mi orí sí ọ̀kan. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí kò dá a lójú kọjá lórí tábìlì rẹ̀ la ẹnu, ó sì pa á dé.

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tú bẹ́líìtì. Ó tẹ̀ ba, ó ki ọwọ́ kan sí abẹ́ ẹsẹ̀, ó ki ìkejì sí ẹ̀yìn, ó sì gbé ọkọ ìyá náà.